Ọ̀fẹ́ Yìí, Ta Ló Ń Sanwó Rẹ̀?

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe déédéé lórí Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí àwọn onítẹ̀wé àdúgbò fi ń jẹun ni kò sì kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11, tó ń béèrè ṣíìpù ààbò tí ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Kíbọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀rọ náà ń tàn, síbẹ̀ wọ́n ní ó ti darúgbó. Bí náírà ṣe rí yìí, ta ni yóò kàn sáré lọ ra òmíràn? Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rántí Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Linux kì í ṣe ẹyọ kan. Ubuntu wà, Debian wà, Mint wà, Fedora wà, òmíràn sì tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀jẹ̀ kọ̀ǹpútà lè jiyàn mọ́jú lórí èyí tó dára jù. N kò bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ owó ni tèmi.

Owó àkọ́kọ́ ni dátà, tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè fi tó 50% lé e. Ubuntu fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 6, Mint súnmọ́ 3. Fáìlì kékeré kan wà fún Debian tí kò tó 1, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tàn yín: bó ṣe ń wọnú ẹ̀rọ ni yóò máa fa ìyókù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dátà bá tán lágbedeméjì, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ti di pátákó nìyẹn. Fedora ní tirẹ̀, nǹkan bí oṣù 13 péré ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ ó tún fa ẹ̀dà tuntun. Mint àti ẹ̀dà Ubuntu alọ́jọ́ gígùn ń gbà tó ọdún 5. Bó ti wù kí Fedora dùn tó, ọ̀wọ́n ni fún ẹni tó ń ra dátà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èyí tó wúwo jù ni ti ẹni tó ń gbọ́ bùkátà. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ta iléeṣẹ́ rẹ̀, Thawte, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 575 dọ́là lọ́dún 1999. Lára owó náà ló fi dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Nígbà kan, wọ́n tilẹ̀ ń fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé láìgba kọ́bọ̀. 2011 ni wọ́n ṣíwọ́. Debian kò ní olówó kankan lẹ́yìn tó lè tà á: àwọn olùyọ̀ǹda ló ń tọ́jú rẹ̀ láti 1993.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbọ́ bùkátà kò kan òun, kó gbọ́ ti CentOS, ẹ̀dà Linux kan. Àwọn tó ń gba wẹ́ẹ̀bù sáìtì sílé fẹ́ràn rẹ̀, torí ohun tí iléeṣẹ́ Red Hat ń tà fún iléeṣẹ́ ńláńlá náà ni, láìsan owó. IBM ra Red Hat ní bílíọ̀nù 34 dọ́là lọ́dún 2019. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2020, Red Hat kéde pé CentOS 8, tó yẹ kí wọ́n tọ́jú títí di 2029, yóò parí ní òpin 2021. Àwọn tó ti gbé òwò wọn lé e bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ìlú kò sì tú: Gregory Kurtzer, tó wà lára àwọn tó dá CentOS sílẹ̀, gbé Rocky Linux kalẹ̀, iléeṣẹ́ CloudLinux sì gbé AlmaLinux jáde, láti fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí pé inú ètò náà ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi ráyè ṣe é. Àmọ́ owó iṣẹ́ àwọn tó jókòó lóru kó ẹrù yẹn, àpò onílé kálukú ló ti jáde.

Fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, Mint ni màá dìbò fún. Ojú rẹ̀ jọ ti Windows, ọmọ iṣẹ́ kò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó pa Windows rẹ́, ẹ kọ́kọ́ tan Mint láti orí fláàṣì, ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, kí ẹ tẹ ojú ìwé kan tó ní àmì ohùn. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kọ̀ jálẹ̀, iye tí ẹ máa fi ra òmíràn ni iye owó Mint tiyín.