Kòkòrò Gbé E Wá, Bakitéríà Pa Ọsàn

Lára gbogbo àrùn tó ń ṣe igi ọsàn, èyí tó burú jù lọ ni huanglongbing. Àwọn ará Ṣáínà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àrùn ọ̀mùnú aláwọ̀ ìyeyè. Ẹni méjì ló ń fa àrùn náà: bakitéríà tí kò lè dá rìn, àti kòkòrò tó ní ìyẹ́ apá.

Kòkòrò náà ni Diaphorina citri. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Bó bá bà sórí ewé, á dorí kọlẹ̀, á nàdí sókè, á wá máa fa omi ara igi. Orí ọ̀mùnú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ló ń yé ẹyin sí, abo kan sì lè yé tó 800. Omi tó ń fà kì í ṣe èyí tí gbòǹgbò ń gbé bọ̀ láti inú ilẹ̀. Omi dídùn tí ewé sè ni, tó ń gba inú iṣan abẹ́ èèpo lọ sí èso àti gbòǹgbò. Inú iṣan yìí gan-an ni bakitéríà náà fi ṣe ilé.

Ìgbà tí kòkòrò ṣì kéré, tí kò tíì hu ìyẹ́, ló ń kó bakitéríà jù lọ. Bakitéríà á la ìfun rẹ̀ kọjá, á pọ̀ sí i nínú ara rẹ̀, á sì dé ibi tí itọ́ ń gbé. Bí kòkòrò bá dàgbà tó fò lọ sórí igi mìíràn, itọ́ ló máa fi tu àrùn sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Igi tó ti kó àrùn máa ń tú òórùn kan jáde tó ń fa kòkòrò mọ́ra. Kòkòrò á bà á, ṣùgbọ́n oúnjẹ ibẹ̀ kò dára tó ti igi tí ara rẹ̀ dá, ló bá gbéra lọ síbòmíràn tòun ti ẹrù. Ńṣe ni bakitéríà náà dà bí èrò tó pe ọ̀kadà, tó gùn ún tán, tó ní ó yá, ká máa lọ.

Igi fúnra rẹ̀ ló ń dí iṣan rẹ̀ nígbà tó bá ń bá àlejò yìí jà. Oúnjẹ á há sínú ewé, ewé á ní àbàwọ́n ìyeyè tí apá kan rẹ̀ kò jọ èkejì, ebi á sì máa pa gbòǹgbò. Èso á kéré, á wọ́, ìdí rẹ̀ kò ní pọ́n, omi rẹ̀ á korò. Ó lè tó ọdún mélòó kan kí àmì tó hàn, kòkòrò á sì ti máa kó bakitéríà lára igi náà kiri. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ti ọsàn yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ń jẹ ẹ́ wà nínú, ẹni tó gbé e wá ti fò lọ.

Ní 1998 ni wọ́n rí kòkòrò yìí ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Ní 2005, àrùn náà yọjú. Ọsàn tí ìpínlẹ̀ náà ká ní 2003 sí 2004 jẹ́ àpótí mílíọ̀nù 242. Ní 2024 sí 2025, kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 12 lọ. Abẹ́rẹ́ oxytetracycline tí wọ́n ń fún igi níbẹ̀ ń dín agbára bakitéríà kù, kò wo igi sàn. Ní São Paulo ní Bràsíl, níbi tí àrùn náà ti dé ní 2004, wọ́n ń gé igi tó bá ti kó o, wọ́n ń fín oògùn kòkòrò, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ igi lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé Diaphorina citri ti wà ní Nàìjíríà. Ọdún méje péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n rí kòkòrò àti ìgbà tí wọ́n rí àrùn ní Florida. Oko tí kòkòrò dé, tí bakitéríà kò tíì bá a dé, ṣì ní àǹfààní. Ọmọ igi tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá kò gbọdọ̀ wọ irú oko bẹ́ẹ̀.