Ta Ni Ó Fi Òfin De Yorùbá ní Enugu?

Àwọn òbí Yorùbá kan ní Enugu a máa sọ pé àjò ni ó gba èdè lẹ́nu ọmọ wọn. Wọ́n ní, ta ni ọmọ yóò máa bá sọ Yorùbá láàárín àwọn Igbo? Àwáwí lásán ni. Ìtàn àwọn tí ń sọ èdè Jámánì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Daimler-Benz ti Jámánì bá ìjọba Nàìjíríà dá ANAMMCO sílẹ̀ ní Emene, lẹ́bàá Enugu, láti máa to ọkọ̀ akẹ́rù. Iṣẹ́ ni ó gbé àwọn ará Jámánì wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí ó ṣí lọ, tí wọn kò sì padà mọ́, ni ẹ̀kọ́ wà.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Amish àti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mìíràn ṣí lọ sí Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Wọn kì í ṣe aláṣẹ. Inúnibíni àti àìní ni ó lé wọn nílé. Títí di òní, Jámánì ti Pennsylvania ni ọmọ Amish ń sọ nínú ilé, ó sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́. Èdè kan kò lé èkejì jáde.

Ní 1824, àwọn mìíràn tẹ São Leopoldo dó ní Bràsíì. Ní 1938, ìjọba Vargas pàṣẹ pé èdè Potogí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ Jámánì sì di títì pa. Síbẹ̀, Hunsrik, ẹ̀ka èdè wọn, ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ìjọba lè ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Kò lè ti ilé ìdáná pa.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ará Jámánì ní Amẹ́ríkà sọ èdè wọn nù, pàápàá lẹ́yìn tí ogun 1917 sọ ọ́ di ohun ìfura. Ṣùgbọ́n ogun wo ni ó dé bá Yorùbá ní Enugu? Òfin wo ni ó dè é?

Ìlànà Ẹ̀kọ́ 1977 ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Igbo ni èdè àdúgbò Enugu. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ yékéyéké. Nítorí náà, iṣẹ́ ilé ni Yorùbá, ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì jí ọmọ rẹ̀, kí ó má di ẹ̀bi ru àjò, lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá ki ọmọ náà ní oríkì, tí ọmọ sì ń wò ó bí àlejò.