Ìrora ìgbáròkó l'Ọ́rẹ̀ àti Òdìgbò: Fọ́tò kan kì í sọ gbogbo òótọ́

Bí ìrora bá mú ènìyàn níbi tí itan ti pàdé ikùn, làkúrègbé tàbí ìpá ni ọ̀pọ̀ máa ń kà á sí, wọn yóò sì sáré lọ ra àgbo. Bẹ́ẹ̀ oríkèé ìgbáròkó lè ni ibi tí ìṣòro wà, kódà bí ó bá jẹ́ orúnkún ni ìrora náà yọ sí.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kan àwọn ará Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbò. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS mọ́, egungun náà yóò sì kú. Èkejì ni ti ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin tó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá: ẹni tí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá yẹ̀ nítan lè bá irú wàhálà kan náà pàdé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti dá egungun náà padà sáyè rẹ̀.

X-ray ló yẹ kó ṣáájú, nítorí ó ń fi egungun tó kán hàn. Àmọ́ kì í sábà rí egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú. Ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà ya àwòrán, ló ń tètè rí i. Owó rẹ̀ ga, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn ni wọ́n sì ti sábà ń rí i lò. Síbẹ̀, bí wọn kò bá tètè mọ̀, orí egungun náà lè wó, ó sì lè di dandan kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé.

Nítorí náà, ẹni tí X-ray rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì ń tiro gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà.