Ilé Ìwòsàn Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ La Ẹnu

Bí ará Jahi, l'Àbújá, bá gbé ìyàwó rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí obìnrin náà ò sì jí mọ́, "a sa gbogbo ipá wa" ni wọ́n sábà máa ń sọ fún un. Nọ́ọ̀sì á ní kó lọ rí dókítà. Dókítà á ní kó lọ rí ọ̀gá àgbà. Fáìlì ìtọ́jú á di àwátì.

Òfin ò gbàgbé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Abala 30 nínú Òfin Ètò Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 fún un láyè láti fẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tún ṣí aṣọ lójú ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn. Àmọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni abala 30 gbé ẹrù kà lórí: òun ni yóò fura, òun náà ni yóò kọ̀wé.

Ilẹ̀ England ti gbé ẹrù yìí kúrò lórí ọlọ́fọ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2014, dandan ni fún àwọn ilé ìwòsàn NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, láti pe ẹni tí ìtọ́jú ṣe ní jàǹbá, tàbí ẹbí rẹ̀, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin ọdún 2006 níbẹ̀ sì ti sọ pé àforíjì nìkan kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi.

Àwọn olùdarí kan lè ní ẹni tó bá jẹ́wọ́ ti ránṣẹ́ pe lọ́yà. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà rí òdìkejì. Láti ọdún 2001 ni ilé ìwòsàn wọn ti ń jẹ́wọ́ àṣìṣe, tí wọ́n sì ń fi owó gbà-máà-bínú lọ àwọn tó fara gbá a. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé ẹjọ́ kóòtù já wálẹ̀ láti 2.13 sí nǹkan bíi 0.75 nínú ìgbà 100,000 tí aláìsàn gba ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ òótọ́, bó bá jẹ́ òun nìkan ni yóò ru gbogbo ẹ̀bi? Ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú ní Leicester, nílẹ̀ England, lọ́dún 2011. Wọ́n dá Dókítà Hadiza Bawa-Garba tó tọ́jú ọmọ náà, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, lẹ́bi ikú ọmọ náà lọ́dún 2015. Ní oṣù Kìíní 2018, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn dókítà. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú, kọ̀ǹpútà tó ń gbé èsì àyẹ̀wò jáde dákú fún wákàtí mélòó kan, dókítà àgbà sì ti lọ kọ́ni ní ìlú mìíràn. Ìbẹ̀rù bá ọ̀pọ̀ dókítà láti kọ àṣìṣe tiwọn sílẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó dá orúkọ rẹ̀ padà.

Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tún abala 30 ṣe: kó di dandan fún ilé ìwòsàn láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹbí tó béèrè, kí àforíjì má di ẹ̀rí ní kóòtù, kí ìwádìí kan ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ẹni tó bá fi fáìlì pa mọ́ ni kí ìyà jẹ.