Níbo ni Ó Yẹ kí A ti Máa Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí àsìkò àtipààrọ̀ ọ́ìlì bá tó, ibo ni kí ènìyàn gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ? Àwọn kan sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ta ọkọ̀ tuntun ni ó dára jù, nítorí pé iṣẹ́ wọn dájú. Àwọn mìíràn sọ pé ìnákúnàá gbáà ni kí ènìyàn máa san owó gọbọi níbẹ̀, nígbà tí mẹkáníìkì wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà láàárín ìdajì wákàtí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n, kí a wo èyí tí ó tẹ̀wọ̀n jù.

Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe. Inú ẹ́ńjìnnì kún fún àwọn irin tí ń yí, tí wọ́n sì ń lọ sókè sódò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí irin máa ha irin. Òun ni ó ń gba díẹ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnnì kúrò. Òun ni ó ń kó ìdọ̀tí lọ sínú asẹ́, òun náà ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Bí ó ti ń pẹ́ nínú ọkọ̀ ni ó ń gbó, tí ó ń dúdú, tí agbára rẹ̀ sì ń dínkù. Ẹni tí ó bá ń fi owó ọ́ìlì pamọ́ títí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì, bí àwọn awakọ̀ ti máa ń wí, owó tí yóò fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn yóò ju owó ọ́ìlì ọdún púpọ̀ lọ. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ takisí tàbí dánfó tí baba fi ń bọ́ ọmọ, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú ni owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná àti èyí tí ń to Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tuntun mọ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa gbé e padà lọ fún sáfíìsì. Lónìí, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó gba títì kan. Irú ọkọ̀ báyìí ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò ní ìwé ìlérí kankan mọ́, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ ẹni tí ó ra á ní gbèsè ìtọ́jú. Ibi tí ó bá wu olówó rẹ̀ ni ó lè gbé e lọ. Ohun tí ó mú kí àríyànjiyàn yìí gbóná nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí ń gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ńlá. Èkínní, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ mọ ọ́ìlì tí ó yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí a ń rí lára gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, bí 20W-50 tàbí 5W-30 tàbí 0W-20, ni ó ń sọ bí ọ́ìlì náà ti ki tó. Ọ́ìlì 20W-50 ki dáadáa, ọkọ̀ àtijọ́ bí Peugeot 504 sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí ó ń ṣàn, bí 0W-20 tàbí 5W-30, ni àwọn tí ó ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota àti Honda òde òní ní kí a máa lò. Èkejì, ilé-iṣẹ́ máa ń kọ ohun tí ó bá ṣe sínú ìwé, tòun ti ọjọ́ àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn. Ẹ̀kẹta, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, a mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí a ó lọ kàn. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù.

Ṣùgbọ́n ṣé ọbẹ̀ nìkan ni owó náà pa? Rárá o. Nínú owó tí a ń san ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni owó ilé wà, àti owó iná, àti owó ẹ̀rọ amúlétutù tí ń fẹ́ sí wa lára níbi tí a jókòó sí, àti owó oṣù akọ̀wé àti ọlọ́dẹ. Nítorí pé iye ọjà kì í dúró sójú kan ní ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a fi iye àfiṣàpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Kí a sọ pé ọ́ìlì tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà ní ọjà jẹ́ ₦100, tí asẹ́ tuntun jẹ́ ₦20, tí owó iṣẹ́ mẹkáníìkì sì jẹ́ ₦10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦130. Bí ilé-iṣẹ́ bá ta ọ́ìlì yẹn fún un ní ₦130, tí ó ta asẹ́ ní ₦30, tí ó sì gba ₦50 fún iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ di ₦210. Ọ́ìlì kan náà ni, asẹ́ kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú ₦80 tí ó lé yẹn tí ó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe iye wọ̀nyí ni kí ẹ mú dání o, ọ̀nà ìṣirò náà ni. Ẹ tú owó tí wọ́n bá pè sí ọ́ìlì, asẹ́ àti iṣẹ́, kí ẹ tó fi ibì kan wé ibì kejì.

Ní ti mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, ojú wa ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbà kí a mú ọ́ìlì tiwa wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti sìn gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kí ọ̀gá wọn tó ṣe ayẹyẹ ìdándè fún wọn. Iṣẹ́ náà gan-an kò sì ní awo nínú. Wọn yóò tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, wọn yóò jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn jáde nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn yóò pààrọ̀ asẹ́, wọn yóò dá nọ́ọ̀tì padà, wọn yóò rọ ọ́ìlì tuntun sí i, wọn yóò sì fi géèjì wò ó. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí lábẹ́ igi ọ̀dán kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ òrùlé gíláàsì.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ tìtorí pé owó rẹ̀ kéré kí a di ojú wa sí àléébù rẹ̀. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ọ́ìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń rọ sí gbogbo ọkọ̀. Àwọn kan ń fi asẹ́ àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń gba owó tuntun. Àwọn mìíràn ń dè nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ní àdèjù títí eyín rẹ̀ yóò fi jẹ, tí ọ́ìlì yóò sì máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Èyí tí ó burú jù ni ti ayédèrú ọ́ìlì. Àwọn oníjìbìtì ń ṣa gálọ́ọ̀nù òfìfo tí orúkọ ilé-iṣẹ́ gidi wà lára rẹ̀, wọ́n ń rọ ọ́ìlì tí kò dára sínú rẹ̀, wọ́n sì ń tà á bí ojúlówó. Ẹni tí ó ra irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni yóò san owó tí ó kù.

Èrò tèmi ni pé fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ ni ó sàn jù, bí olówó ọkọ̀ bá lè fojú sí i. Fún ẹni tí ó ra ọkọ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ fún un ní ìwé ìlérí pé bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín àsìkò kan, àwọn ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1975 kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ di oníbàárà mọ́lẹ̀ pé ọ̀dọ̀ òun nìkan ni kí ó ti máa ṣe ìtọ́jú ọkọ̀, àfi bí ó bá ń ṣe é fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá wà nílé níbí níláti ka ìwé tirẹ̀ fínnífínní. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni kí ó máa wá, kí ó máa lọ títí àsìkò náà yóò fi pé. Owó tí ó lé yẹn, ààbò ni ó fi ń rà.

Bí ẹ bá yan ẹ̀bá ọ̀nà, ohun márùn-ún ni mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe. Èkínní, ẹ ka ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá láti mọ nọ́ńbà ọ́ìlì rẹ̀ àti iye tí ó ń gbà. Ẹ́ńjìnnì Toyota Corolla oní-lítà 1.8 tí ó jáde láti nǹkan bí ọdún 2009, fún àpẹẹrẹ, ń gba nǹkan bí lítà 4.2 bí a bá pààrọ̀ asẹ́ pẹ̀lú. Gálọ́ọ̀nù oní-lítà 4 nìkan kò tó o pátápátá. Èkejì, ẹ ra ọ́ìlì àti asẹ́ fúnra yín lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó dúró sójú kan, kí ẹ sì gba ìwé ọjà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye ọjà kí ẹ tó rà á. Ẹ̀kẹta, ẹ dúró ti iṣẹ́ náà, nítorí pé ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ẹ̀kẹrin, ẹ dá gálọ́ọ̀nù òfìfo lu kí ẹ tó jù ú nù, kí ó má bàa di ohun èlò àwọn oníjìbìtì. Ẹ̀karùn-ún, ẹ fa géèjì yọ, kí ẹ rí i pé ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti kìlómítà sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú gba owó yín. Ilé-iṣẹ́ Toyota sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òun tí ń lo ọ́ìlì 0W-20 lè rin máìlì 10,000, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 16,000, kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ó dín in sí ìdajì fún ọkọ̀ tí ń rìn ní ojú ọ̀nà eléruku. Eruku ọyẹ́ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ìgboro wa fi hàn pé ìdajì yẹn ni ó bá wa mu, bí ọ́ìlì náà bá jẹ́ ojúlówó. Ẹni tí ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní ìlọ́po méjì iye ìgbà tí ó yẹ ti sọ iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú di iṣẹ́ olówó ńlá.

Owó kan ṣì kù tí kì í hàn nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ibo ni ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù ń lọ? Àwọn kan ń rà á láti fi kun igi nítorí ikán, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà. Àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé gálọ́ọ̀nù kan ọ́ìlì tí a ti lò lè ba omi tí ó tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́. Kànga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé mẹkáníìkì, ta ni yóò fọ̀ ọ́? Bí mẹkáníìkì yín bá ń dà á sínú gọ́tà, ẹ sọ fún un pé ẹ ó wá ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ní dúrọ́ọ̀mù tí ó ń kó o jọ sí ni ó yẹ kí ẹ máa fi owó yín ràn lọ́wọ́.

Ní àkótán, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ń ta ìfọ̀kànbalẹ̀, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ń ta iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí kò bá ní àyè láti fojú sí ọkọ̀ rẹ̀, kí ó san owó ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ka ìwé ọkọ̀, tí ó lè ra ọ́ìlì gidi, tí ó sì lè dúró fún ìdajì wákàtí, kò sí ìdí tí yóò fi san owó méjì fún iṣẹ́ kan. Ẹ fi owó tí ó kù ra ọ́ìlì ojúlówó. Ẹ́ńjìnnì kì í béèrè ẹni tí ó rọ ọ́ìlì sí òun. Ohun tí wọ́n rọ sí i ni ó mọ̀.