Bóòtù Tó Le: Ọgbọ́n Ju Agbára Lọ



Àwọn kan nínú yín jẹ́ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Àwọn kan jẹ́ ọ̀gá. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ bóòtù kan ṣoṣo ni. Bóòtù yìí kéré, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ó sì lè ṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Èrò mi ni pé kì í ṣe àìlágbára ló ń mú kí ó ṣòro tú. Àìka ohun tó wà nínú ìwé ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí bóòtù yìí wà. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ńlá kan wà tí à ń pè ní kiráńkì. Àwọn písítìnì ló ń yí i. Lókè, ọ̀pá mìíràn wà tí ń ṣí fáàfù. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì onírọ́bà tó ní eyín ló so ọ̀pá méjèèjì pọ̀. Bí kiráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pá òkè a yí lẹ́ẹ̀kan.

Bí bẹ́líìtì yìí bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì a kú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnì a kọlu fáàfù, fáàfù a sì tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì kí ó tó já. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iye tí wọ́n kọ wà láàrin 60,000 sí 160,000 kìlómítà. Wọ́n sì máa ń kọ iye ọdún mọ́ ọn.

Láti yọ bẹ́líìtì, a ní láti yọ púlì tó wà ní ẹnu kiráńkì. Bóòtù kan ló dì í mú láàrin. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti fi agbára ńlá dè é. Ooru ẹ́ńjìnnì ti yan án fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi àti eruku ti mú kí ó dípẹtà. Bí a bá sì fẹ́ yí i, kiráńkì náà a máa bá a yí.

Kí ni àwọn ènìyàn ń ṣe? Ẹnìkan a fi irin olójú mímú àti òòlù gbá orí bóòtù. Orí rẹ̀ a yí róbótó, sípánà kò sì ní lè dì í mú mọ́. Ẹlòmíràn a fi irin há eyín ẹ́ńjìnnì kí ó má baà yí. Eyín a kán. Ẹlòmíràn a fi sípánà há bóòtù, a gbé ẹsẹ̀ sípánà ti ilẹ̀, a wá yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ ṣáná sí ọkọ̀. Bí sípánà bá fò, ta ni yóò bá? Ọmọ iṣẹ́ tó jókòó tì í ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Honda Accord tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1998 sí 2002, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.3. Apá òsì ni a ń yí bóòtù rẹ̀ sí láti tú u. Ṣùgbọ́n apá òsì náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí sí. Nítorí náà, ẹni tó bá yí kọ́kọ́rọ́ láti fi tú bóòtù yìí, ńṣe ló ń dè é sí i. Agbára mélòó ló lè tún èyí ṣe?

Ìwé ọkọ̀ náà sọ pé 245 N.m ni kí a fi de bóòtù yìí. Ìwé Faransé a máa kọ irú iye bẹ́ẹ̀ báyìí: 24,5 daN.m. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Bí ọ̀pá sípánà bá gùn tó mítà 1, ó dà bí ìgbà tí a gbé nǹkan tó tó kílò 25 kọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ọ̀pá bá jẹ́ ìdajì mítà, yóò di kílò 50. Àpò sìmẹ́ńtì kan nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, yóò di kílò 100, àpò sìmẹ́ńtì méjì. Iye tí a fi dè é nìyẹn o. Bóòtù tó ti dípẹtà lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé ọmọ tó ń fi sípánà kúkurú jà kò lẹ. Ìṣirò ni kò sí.

Báwo ni kí a ṣe é? Ẹ yọ okùn bátìrì. Ẹ gbé ọkọ̀ lé orí ìdúró tó lágbára, kì í ṣe orí jáàkì nìkan. Ẹ da epo tí ń wọnú ìpẹtà sí bóòtù, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́ ọn. Ẹ lo sípánà onígun mẹ́fà tó bá orí rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ti Honda yìí jẹ́ 19. Ẹ fi irin tí a ṣe fún un di púlì mú kí ó má yí. Bí irin náà bá wọ́n, àwọn tí ń jó irin lè ṣe é. Ẹ fi páìpù gígùn kún ọ̀pá, ẹ gbé nǹkan ti abẹ́ rẹ̀ kí ó má yọ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, iye inú ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá le tó, púlì a máa mì, a sì jẹ ẹnu kiráńkì.

Àwọn kan á ní: “Ọ̀gá mi kò mọ ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára.” Òótọ́ ni, ọ̀wọ̀ wọn kò ní wọmi. Ṣùgbọ́n Peugeot 404 àti 504 tó ń mu ẹ̀sáǹsì, tí ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ṣẹ́, ẹ̀wọ̀n irin ló wà nínú wọn, kì í ṣe bẹ́líìtì. Lónìí, ọkọ̀ àlòkù oríṣiríṣi ń sọ̀ ní èbúté Kútọnu. Wọ́n ń dé Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́. Bóòtù ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Orí kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n 245 kì í yí padà láti èdè kan sí èkejì. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà lè rí i. Ẹni tó bá mọ Yorùbá kọ lè kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nítorí náà, mo rò pé ó yẹ kí ìwé kan wà ní gbogbo ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: orúkọ ọkọ̀, nọ́ńbà sípánà, iye tí a fi de bóòtù, àti kìlómítà tí a ó pààrọ̀ bẹ́líìtì. Kí ọmọ iṣẹ́ máa kọ ọ́, kí ọ̀gá máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú pẹ́ńsù yín báyìí. Bí páìpù bá gùn tó mítà 2, kílò mélòó ni yóò tó fún bóòtù Honda yẹn? Ẹni tó bá rí i kì yóò gbá bóòtù ní òòlù mọ́.