Kẹ̀kẹ́ Ológeere Tuntun àti Ìwọ̀n Ẹni tí Ó Gùn Ún

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ orí ohun ìgùn ba fún ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀. 

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí líta kan sì fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 500 náírà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ti tún padà sẹ́nu ọ̀pọ̀ baálé ilé. Ní ìlú Benin níhìn-ín, èmi náà ra ọ̀kan. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn baba wa fi ń kó kòkó bọ̀ láti oko, bí kò ṣe irú èyí tí àwọn eléré ìje ń gùn lójú ọ̀dà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè bí ó ti rí, mo ní kí n sọ ohun tí mo rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ kíyèsí ni fífúyẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ onírin àtijọ́ lè wọ̀n tó kílò 18 sí 20. Èyí kò ju kílò 10 lọ. Ìbú táyà rẹ̀ kò ju mílímítà 28, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì le koko. Ọwọ́ rẹ̀ ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, tí ẹni tí ó gùn ún yóò fi tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó wà ní rúkúù. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan pẹ́dà, ó ti lọ. Ní ìdájí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ọkọ̀ tó kún ojú ọ̀nà Sapele, ìdùnnú rẹ̀ kò kéré.

Ṣùgbọ́n gbogbo òkúta kékeré ojú ọ̀nà ni àtẹ́lẹwọ́ ń gbọ́. Iyanrìn tí òjò wọ́ sórí ọ̀dà ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ihò ìdérí gọ́tà sì lè gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ mì. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ikpoba láti ìhà Akpakpava lọ sí odò, n kò wa pẹ́dà rárá, síbẹ̀ eré ń pọ̀ sí i, ọwọ́ mi kò sì kúrò lórí bíréèkì. Nígbà tí ó di gígun òkè lọ sí Ramat Park, èémí ni ó kọ́kọ́ kọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti hàn kedere pé kẹ̀kẹ́ ni ó yára, kì í ṣe èmi.

Nínú Súrà An-Nahl, áyà 8, Ọlọ́hun dárúkọ ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ohun ìgùn àti ọ̀ṣọ́, Ó sì fi yé wa pé Òun ń dá ohun tí a kò mọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi alfa tí ó gun kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀sín. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pẹ̀lú.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni hàdíìsì Ibn Umar tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ànábì fi ẹṣin ṣeré ìje ní Mẹdínà, ó sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí a ti tọ́ dáadáa sáré láti al-Hafya dé Thaniyyat al-Wada, bíi máìlì 5 tàbí 6. Àwọn tí a kò tíì tọ́ sáré láti Thaniyya dé mọ́ṣáláṣí Banu Zurayq, bíi máìlì 1 péré. Kò fi eré dù wọ́n. Ìwọ̀n tí ó tọ́ sí wọn ni ó fún wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ wa nìyí. Kẹ̀kẹ́ tí ó lè sáré kò sọ ọmọ di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á kò gbọdọ̀ bá tírélà du ọ̀nà márosẹ̀ Èkó. Àdúgbò ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Kí ó dé akoto, kí bíréèkì àti iná pé. Apá ọ̀tún ni kí ó gbà, bí òfin ìrìnnà wa ti wà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Kí á ká jalabíà kúrò lẹ́bàá ṣéènì. Ànábì ti kọ́ wa láti so ràkúnmí kí á tó gbáralé Ọlọ́hun.

Kí á má sì gbàgbé àdúà ohun ìgùn tí ó wà nínú Súrà Az-Zukhruf, áyà 13 àti 14. Ó ń rán wa létí pé kì í ṣe agbára wa ni a fi borí ohun tí a gùn, àti pé ọ̀dọ̀ Olúwa wa ni àbọ̀ wa.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, kí Ó má fi ọmọ wa ṣòfò lójú ọ̀nà. Àmín.